Ẹ Bi Màmá Ilé-Ìdáná: Sùpàgẹ́tì Pẹ̀lú Ọbẹ̀ Ẹran Lílọ̀

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ mi jẹ sùpàgẹ́tì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ aládùúgbò wa, láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí etí mi sinmi. Mo sè é fún wọn. Àwọ̀ eérú ni ẹran náà ní, kò ta sánsán rárá. Ọbẹ̀ ń kan lẹ́nu, bí mo bá sì bù ú sínú àwo, omi á ya sí ìdí rẹ̀. Sùpàgẹ́tì ọ̀hún tún lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ mo da òróró sínú omi tí mo fi sè é, mo sì fi omi tútù ṣàn án. Níbo gan-an ni ọ̀rọ̀ wà? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn èjìrẹ́. Orí ẹran ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọbẹ̀ yìí ti máa ń bàjẹ́ kí tòmátò tó débẹ̀.

Ẹran tó ní àwọ̀ eérú yẹn kò dín rárá, ṣe ló bọ̀ nínú omi ara rẹ̀. Ẹran lílọ̀ lómi nínú púpọ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó máa jáde á ju èyí tí iná lè tètè gbẹ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì wà nídìí ìkòkò, ooru ibẹ̀ kò ní kọjá ti omi tó ń hó, ẹran kì í sì í pọ́n nínú omi híhó. Òórùn dídùn tí àwọn ọmọ yín gbọ́ níbi ọjọ́ ìbí yẹn, inú ẹran tó pọ́n ló ti wá.

Nítorí náà, ẹ wá ìkòkò tó fẹ̀ nídìí. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ da òróró díẹ̀ sí i. Bí ẹran bá jẹ́ 500 gíráàmù, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìdajì síná, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má rò ó. Ẹ kàn tẹ́tí sí i. Bó bá ṣe balẹ̀, á kọ́kọ́ ké ṣàà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Láìpẹ́, ariwo náà á wálẹ̀, omi á máa hó wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ẹran. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da tòmátò sí i níbẹ̀ yẹn, wọ́n rò pé ó ti jinná. Ẹ ní sùúrù. Nígbà tí omi bá gbẹ tán, tó ku ọ̀rá nìkan, ohùn ìkòkò á tún yí padà, á máa ta pàrà, pàrà. Ìgbà yẹn ni dídín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi ṣíbí onígi tú u ká, kí ẹ yí òdìkejì sísàlẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti ẹran díndín tí ẹ mọ̀. Ohun pípọ́n tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, adùn ọbẹ̀ nìyẹn: ẹ bu omi ẹran díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ṣíbí ha á kúrò. Tó bá ti dúdú, ó ti jóná nìyẹn, ó máa korò. Ẹ pààrọ̀ ìkòkò.

Ẹ má ra ẹran tí kò lọ́ràá rárá. Èmi máa ń sọ fún alápatà mi ní Bódìjà pé kó fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹran itan kó tó lọ̀ ọ́. Ẹran tí kò lọ́ràá máa ń gbẹ, á máa rí ṣákaṣàka lẹ́nu.

Ó kan ti kíkan. Ẹ kọ́kọ́ fi iná kékeré dín àlùbọ́sà gígé wẹ́wẹ́ àti kárọ́ọ̀tì rírin títí wọ́n á fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Adùn ara wọn ló máa bá kíkan jà, kò sí pé ẹ ń wá ṣúgà. Tòmátò tútù àti tàtàṣé tí ẹ lọ̀, ẹ sè é lọ́tọ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa kó tó pàdé òróró. Tòmátò inú agolo ní tiẹ̀, inú òróró ni kí ẹ ti dín in fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní pupa fòò kó di pupa tó ṣú. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi kan-ún pa kíkan tòmátò. Kan-ún á pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n á bá adùn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é sí ọbẹ̀ yìí.

Ẹ tún dín tòmátò yín kù. Bologna lórílẹ̀-èdè Italy ni ọbẹ̀ yìí ti lórúkọ. Ní 17 October 1982, ẹgbẹ́ Accademia Italiana della Cucina, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Italy, kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sílẹ̀, wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ sọ́dọ̀ àjọ àwọn oníṣòwò ìlú náà. Ẹran ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tòmátò kéré, mílíìkì sì wà nínú rẹ̀. Àwa níbí ti sọ ọ́ di ọbẹ̀ ata tí a fi ẹran lílọ̀ wọ́n. Bí ẹran, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti tòmátò bá ti pàdé, ẹ bu omi ẹran ife kan sí i, kí ẹ wá rẹ iná sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá dín sí wákàtí 1 kò tó. Tó bá pé 2, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Kó máa hó díẹ̀díẹ̀ ni, tí ó bá fẹ́ gbẹ, ẹ fi omi díẹ̀ kún un. Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà, bíi ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin, ẹ dà á sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, yóò tu kíkan lójú. Èmi kì í fi kọ́rì sí i, torí òórùn kọ́rì á bo ti ẹran mọ́lẹ̀. Ewé efinrin méjì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ìbátan ni efinrin àti ewé basil tí àwọn ará Italy máa ń fi sí ọbẹ̀ tòmátò, tiwa ló kàn le jù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pọ̀.

Sùpàgẹ́tì kò ṣòro. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ bóyá àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní durum ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn kì í tètè di pòròpòrò. Àwọn ará Italy máa ń lo omi líítà 1 àti iyọ̀ gíráàmù 10 fún sùpàgẹ́tì 100 gíráàmù. Odidi ọ̀rá kan tó jẹ́ 500 gíráàmù á nílò ìkòkò ńlá, tí kò bá sí, ẹ sè é ní ìdajì ìdajì. Omi gbọ́dọ̀ ti máa hó yàà kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ sì máa rò ó ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ló máa ń lẹ̀ mọ́ra jù. Òróró tí ẹ dà sí omi kò wúlò. Orí omi ló máa ń léfòó sí, nígbà tí ẹ bá sì ń sẹ́ ẹ, á bo ara sùpàgẹ́tì, ọbẹ̀ á wá máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Omi tútù tí ẹ fi ṣàn án náà ti ṣan sítáàṣì ara rẹ̀ lọ, sítáàṣì yẹn ló sì yẹ kó di ọbẹ̀ mú.

Tó bá ku ìṣẹ́jú kan sí èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, ẹ bu ife kan nínú omi rẹ̀ pamọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sínú ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ fi omi tí ẹ bù pamọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i pọ̀ títí ọbẹ̀ á fi mọ́ ọn lára. Omi kò ní ya sí ìdí àwo mọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa dúró de sùpàgẹ́tì o, sùpàgẹ́tì kì í dúró de ọbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹ lẹ́ o, Màmá. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi ọtí wáìnì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí ọbẹ̀ yìí. Mùsùlùmí ni wá nílé. Ṣé a lè sè é láìsí wọn, kó sì dùn? — Alhaja, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ẹ lè sè é dáadáa, Alhaja. Ọ̀rá ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń fi kún un, ọ̀rá ara màlúù yóò ṣe iṣẹ́ náà. Dípò wáìnì, ẹ lo omi egungun màlúù tí ẹ sè pẹ̀lú àlùbọ́sà.

Ìbéèrè: Màmá, mo kúnlẹ̀. Àpọ́n ni mí ní Mushin, gáàsì olójú kan ni mo ní, iná kì í sì í dúró ládùúgbò wa. N kò fọkàn tán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran lọ́jà. Ṣé mo lè fi ọ̀bẹ gé e? Ṣé mo sì lè sè é sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta?

Ìdáhùn: Dìde, ọmọ mi. Fi ọ̀bẹ gé e, kò ní burú rárá. Bí ẹran bá ti dì díẹ̀, ó rọrùn láti gé: kọ́kọ́ gé e ní pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí o wá gé e sí wẹ́wẹ́. O ṣe dáadáa bí o ṣe ń ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ọjà. Kòkòrò tó wà lára ẹran níta ni lílọ̀ máa ń kó wọnú rẹ̀, ìdí nìyí tí ẹran lílọ̀ fi gbọ́dọ̀ jinná dénú.

Ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn, láìsí fíríìjì tó ń tutù, rárá. Oúnjẹ tó bá ti wà níta ju wákàtí 2 lọ ti ń fẹ́ bàjẹ́. Má sì sọ pé o máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ bí a ti ń ṣe ọbẹ̀ nílé, torí oró tí àwọn kòkòrò kan ń tú sínú oúnjẹ, iná kì í pa á. Ra ẹran tí ìwọ nìkan máa jẹ lọ́jọ́ kan, 150 gíráàmù tó ọ. Ọbẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sè, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o dé e. Lẹ́yìn náà kí o wá gbé omi sùpàgẹ́tì kaná, bí o bá sì ti sẹ́ ẹ tán, gbé ọbẹ̀ padà sórí iná, kí o dà á pọ̀.