Wọ́n ní kí ọmọ mi kọ 25, 205 ló ń kọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní pírámárì kejì. Ó ń ka òǹkà láti 1 dé 100 geere, àmọ́ tí tíṣà bá ní kó kọ tùẹ́ńtì fáìfù sílẹ̀, 205 ló máa kọ. Mo bá a wí títí, kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má bá a wí mọ́, ohun tó gbọ́ gan-an ló ń kọ. Ó gbọ́ tùẹ́ńtì, ó kọ 20. Ó gbọ́ fáìfù, ó kọ 5 tẹ̀ lé e. Ohun tí kò tíì yé e ni pé ibi tí 2 dúró sí ló sọ ọ́ di ogún. Ti pé ó ń kà á dé 100 kò fi hàn pé ó yé e. Ọmọ lè ka òǹkà bí ẹni ń kọrin.

Ẹ wá ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ẹ tú u, ẹ gé e sí kéékèèké, kí ẹ sì wá rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Ẹ da bíi ogójì síwájú rẹ̀, ẹ ní kó ṣa 25. Tó bá ti ka mẹ́wàá, kó fi rọ́bà dì í fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a dì í o! Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà: kó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹyọ mẹ́wàá di ìdì kan. Ìdì méjì ló máa jáde, ẹyọ márùn-ún á ṣẹ́ kù. Ẹ wá fa ilà sí àárín ìwé, ọwọ́ òsì fún ìdì, ọwọ́ ọ̀tún fún ẹyọ. Kó tò wọ́n síbẹ̀ kó tó kọ 2 àti 5 sábẹ́ wọn. Ẹ ṣe 30 náà: ìdì mẹ́ta, kò sí ẹyọ kankan. Ẹ bi í pé tí a ò bá kọ òdo síbẹ̀, kí la máa kà?

Àwọn òbí kan máa ń fẹ́ fi owó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bébà kan ṣoṣo ni náírà mẹ́wàá. Ọmọ ò lè tú u wò kó rí ẹyọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ìdì bá ti mọ́ ọn lára.

Fún 205 yẹn, ẹ gé páálí. Ẹ kọ 20 sórí èyí tó gùn, ẹ kọ 5 sórí èyí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Kó gbé 5 bo òdo ara 20, á rí 25. Kó tún ṣí i, kó rí i pé òdo ṣì wà lábẹ́. Ẹ ṣe 40 àti 7, 60 àti 3.

Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ nílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òǹkà wa ló ń da ọmọ rú. Ẹ ní kó ṣe márùndínlógójì: kó kó ìdì mẹ́rin sílẹ̀, kó yọ márùn-ún. Kò ní rí i yọ àfi tó bá tú ìdì kan. Tó bá tú u tán, ìdì mẹ́ta àti ẹyọ márùn-ún ló kù, 35 rèé. Yíyá (bọ́rò) tí wọ́n máa fi kọ́ ọ ní ìyọkúrò nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta dín mẹ́wàá, tilẹ̀ rọrùn jù: ìdì mẹ́fà, kó mú odidi kan kúrò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ti tó. Ẹ má tíì gbé ìṣirò bíi 32 − 7 fún un lórí ìwé, àfi tó bá ti ń tú ìdì fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rán an létí.