Ẹ má bá màmá dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú occupational therapist

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ìyá ọkọ yín, pé occupational therapist, ìyẹn onímọ̀ ìlera tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti lè dá nǹkan ojoojúmọ́ ṣe, fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ tí wọ́n ń wọṣọ, ẹ wá ń bèèrè pé kí ló kù nígbà tí físíò ti ń kọ́ wọn ní ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá.

Àwa náà rò pé ìrìn ni gbogbo ẹ̀. Màmá mi ti ń fi wọ́kà rìn dé gétì nílé wa ní Kubwa, inú wa ń dùn, àfìgbà tí ọmọbìnrin tó jẹ́ occupational therapist tiwa dé tó ní kí wọ́n dìde kí wọ́n ró ìró. Ìró lásán o. Ọwọ́ méjèèjì ni màmá fi sílẹ̀ lára wọ́kà kí wọ́n lè so ó mọ́dìí, bí ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nìyẹn, bí kì í bá ṣe pé ó ti dúró sẹ́yìn wọn ni, à bá tún ti gbé wọn padà sí ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ró o ní yàrá, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àṣìṣe tèmi ni pé èmi ni mò ń dáhùn. Ó bi màmá bóyá wọ́n lè dá lọ tọ́ílẹ̀tì, èmi ti ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí wàhálà, torí ojú ń tì mí kó má lọ rò pé a ò tọ́jú ìyá wa. Ó rọra ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí òun rí i. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé tí mai ruwa bá ti já omi sílẹ̀, màmá ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún ń jókòó sórí àpótí kékeré já ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pààrọ̀ orí egungun itan yẹn fún wọn, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí orúnkún má ga ju ìbàdí lọ tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n má sì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì.

Nǹkan mẹ́fà ló wà nínú fọ́ọ̀mù tó fi ń yẹ màmá wò: wíwẹ̀, wíwọṣọ, tọ́ílẹ̀tì, dídìde láti bẹ́ẹ̀dì sí àga, mímú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, jíjẹun. Dókítà Sidney Katz àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló gbé e jáde ní 1963, àwọn àgbàlagbà tí ìbàdí wọn ṣẹ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn ló jẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ wa mu tó bẹ́ẹ̀.

Kápẹ́ńtà bá wa fi igi gbé ẹsẹ̀ àga sókè, wẹ́dà jó páìpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ̀tì, bọ́kẹ́ẹ̀tì gun orí bẹ́ǹṣì, a so kànìnkàn mọ́ igi gígùn. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀ sínú aṣọ, òun ló ń gbẹ̀yìn tí wọ́n bá ń bọ́ ọ. Ìró, a ti gbé e jù sínú àpótí aṣọ ná, kàfùtáànì ni wọ́n ń wọ̀.

Tí occupational therapist tiyín bá ń bọ̀, ẹ má tún ilé ṣe dè é o. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbi tó máa ń wà, kí màmá wọ aṣọ ilé wọn, kẹ́yin dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ panu mọ́.