Ọmọ mi ń da "login" àti "log in" pọ̀, báwo lẹ ṣe kọ́ àwọn tiyín?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Àwọn ìbejì mi wà ní Year 5 níbí ní Birmingham. Kẹ́hìndé ń kọ "I login to the computer", ó tún ń kọ "we need a back up", tíṣà ti fi bíró yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ kó so ó pọ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kó pín in sí méjì. Kí n má purọ́, èmi gan-an ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, ọ̀kan náà ni mò ń gbọ́. Ṣé kí n wá tíṣà lẹ́sìn ni? Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ọ̀rọ̀ yín nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, mo ní mi ò ní dáhùn, torí ojú egbò mi gan-an lẹ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n mo délé oorun ò wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo mọ̀. Ẹ ti mọ nǹkan yìí láti ilé. Ẹ wo "tún ṣe". Tẹ́ ẹ bá ní kí télọ̀ tún aṣọ ṣe, aṣọ ti bọ́ sáàárín "tún" àti "ṣe" nìyẹn. Ó ba ọbẹ̀ jẹ́. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di àtúnṣe, tó ti di ìbàjẹ́, ta ló tún lè ki nǹkan bọ̀ ọ́ láàárín? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "set up" àti "back up" ṣe ń ṣe. Set it up, back it up, "it" ti wọ àárín, méjì ni. Àmọ́ "the setup", "a backup", tẹ́ ẹ bá lè kà á ní méjì mẹ́ta bí ẹní ń ka iṣu, two backups, three backups, orúkọ nìyẹn, ẹ so ó pọ̀. Èyí tí "it" ò bá ṣeé kì sáàárín ẹ̀, ẹ ní kó sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. I logged in. Ara "log" ni àná yẹn lẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ "I logined". Ohun tó ń da Kẹ́hìndé rú ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnì tí wọ́n ní ká tẹ̀, "Login" ni wọ́n kọ sí púpọ̀ nínú wọn, wọ́n so ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ní ká ṣe. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Ẹ ní ọ̀kan náà lẹ ń gbọ́, mi ò gbà, etí tó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ ò lè má gbọ́ ọ. Tí òyìnbó bá ń pe "backup" tó jẹ́ orúkọ, orí "back" ni ohùn ẹ̀ máa ń ga sí, "up" á rọra wálẹ̀. Tó bá ní "back it up", ohùn á gun orí "up". Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fi ìlà kékeré sáàárín, bíi "check-in", àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ "takeoff" pọ̀ níbi tí àwọn ti ibí máa ń fa ìlà sí, mi ò ní wọ ìyẹn, tíṣà wọn ni kẹ́ ẹ bi.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ gbogbo eléyìí rèé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Year 6 nígbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, oṣù mélòó kan ló kù kí wọ́n ṣe SATs, ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe níbí ní Year 6, ẹ̀rù ti gírámà inú ẹ̀ sì ń bà mí ju bó ṣe ń bà á lọ, máàkì 50 ní ìṣẹ́jú 45, kí wọ́n tó tún wá pe ọ̀rọ̀ 20 kí wọ́n kọ sípẹ́lì ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ìtàn ìrìnàjò kan wá láti ilé. Ó kọ ti ọjọ́ tí mọ́tò wa kú lórí òpópónà M1 nígbà tí à ń ti Luton lọ síbi ìgbéyàwó ní Leeds. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba bàbá òun pé "the car would break down again". Yúnifọ́ọ̀mù iṣẹ́ ti wà lọ́rùn mi, mò ń kánjú, mo wo ìwé yẹn, mo ní "breakdown" ni, ọ̀rọ̀ kan ni. Ṣé nílé, mọ́tò tó bá kú lọ́nà, gbogbo wa ní ó ti brẹ́kídáùn, ẹnu kan náà la fi ń pè é, mọ́tò wọn brẹ́kídáùn ní Ṣàgámù. Ọmọ ní "But Mummy, Miss said if it's the doing..." Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní ṣé èmi tí mo gba B2 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC ló fẹ́ kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì? Mo mú rọ́bà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Ibi mẹ́rin ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo so pọ̀. Ibi tó ti kọ "broke down" nìkan ni mo fi sílẹ̀, torí ó rí bákan lójú mi láti so ìyẹn pọ̀. Ká ní mo dúró kí n bi ara mi pé kí ló dé tó fi rí bákan ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mò ń yọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ láti fọ̀, mo rí ìwé yẹn lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, ó ká a sí mẹ́rin. Tíṣà ti yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó ya òun lẹ́nu, torí ọmọ yìí gan-an ló ṣàlàyé ẹ̀ fún kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í pé ṣé ó sọ fún wọn pé èmi ni mo yí i padà. Ó ní rárá, òun sọ pé òun gbàgbé ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bo àṣírí mi.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í bẹ ọmọ nílé wa. Mo dín dòdò fún un, mo rò pé ó ti tán. Látọjọ́ yẹn kò gbé hómúwọ̀ọ̀kì wá bá mi mọ́, tí mo bá béèrè, á ní "It's fine, Mummy". Ó ṣe dáadáa nínú SATs yẹn. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ìwé tó fi ń wá yunifásítì, ó ti fi ránṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti kọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú o, ó ń fọ abọ́, ó ń bá mi gbé ẹrù láti ọjà. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń dùn ún lọ́kàn, mi ò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún, ìyẹn ló ń jí mi lóru.

Èyí tó tún wá burú jù, àlàyé "tún aṣọ ṣe" tí mo ṣe fún yín lókè yẹn, mi ò lè ṣe é fún òun. Kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀ geere, wọ́n sọ fún wa ní nọ́sìrì pé ká fi èdè ilé sílẹ̀, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún un, a sì gbọ́. Kí lẹ bá ní ká ṣe? A ò tíì rí ìwé ìgbélùú wa gbà nígbà yẹn, ẹni tó bá ti fi káàdì kọ́rùn, a rò pé ó mọ̀ jù wá lọ ni. Àwọn tó ń sọ pé a jẹ́ kí èdè bọ́ lẹ́nu ọmọ, wọn ò sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi á pè é lórí WhatsApp láti Iléṣà, wọ́n á ki í ní oríkì títí, ọmọ á ní "Yes, Grandma". Èdè tí mo gbà lẹ́nu ẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì, òun gan-an ni mi ò bá fi là á lóye nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ẹ ò sọ bóyá àwọn ìbejì gbọ́ Yorùbá, mi ò sì ní bi yín, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi èmi náà.

Ní ti tíṣà lẹ́sìn, mi ò gba ìkankan rí, mi ò lè sọ. Kí Kẹ́hìndé máa ki "it" bọ̀ ọ́ láàárín, kó máa fi àná dán an wò. Tó bá wá kọ nǹkan tó rí bákan lójú yín, ẹ bi í pé kí ni tíṣà sọ, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan rọ́bà. Oṣù May tí wọ́n bá wà ní Year 6 ni SATs tiwọn, ẹ ṣì ní àsìkò. Ẹ bá mi kí bàbá wọn.