Ó Ní Dókítà Ìrora Lòun: Ta Ló Jẹ́rìí Sí I?

ÌBÉÈRÈ YÍN LỌ́DỌ̀ MÁTÍRỌ́Ọ̀NÙ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aṣọ ni mò ń tà l'Ọjà Ọba níbí l'Àkúrẹ́. Màmá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìdí oko kòkó l'Ìdànrè ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé wọn. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ìdí ti ń ro wọ́n, ó sì ń gba ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Ọkùnrin kan ṣí ilé ìtọ́jú sí ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ó kọ "DR., PAIN SPECIALIST" gàdàgbà sára pátákó, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ lórí rédíò. Ó gún màmá lábẹ́rẹ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ₦35,000. Ara tù wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìrora padà dé. Ó ní abẹ́rẹ́ márùn-ún ló kù, pé ká san owó rẹ̀ pọ̀ kóun lè bá wa dín in kù. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà náà sì ròkè lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àrífín ni tí mo bá lọ ń bi dókítà ní ìwé ẹ̀rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá dókítà gidi ni, níbo ni mo sì ti lè rí èyí tó dájú? — *Ìyá Aláǹkárá, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ìyá Aláǹkárá, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ má tíì san owó abẹ́rẹ́ márùn-ún yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó wá máa ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ àrífín yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú. Tí ẹnì kan bá wá tọrọ ọmọ yín obìnrin, ẹ̀gbọ́n yín yìí kan náà ni yóò ṣáájú àwọn tó máa lọ ṣèwádìí dé ilé baba ọkọ, tí yóò bèèrè àìsàn tó wà nídìílé wọn àti gbèsè tó wà lọ́rùn wọn. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àrífín. Ẹni tó fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ìyá yín ló wá di ẹni tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, oríṣiríṣi dókítà ni mo sì bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó jókòó kàwé rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́, torí ó dùn mọ́ wọn láti máa ka ọdún tí wọ́n lò síni létí.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé "Dr." nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa. L'Ọjà Ọba tẹ́ ẹ wà yẹn, dókítà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì, dókítà ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì, àwọn kan ṣì ń pe èmi náà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ó sì ti sú mi láti máa bá wọn jiyàn. Ẹni tó gboyè PhD nínú ìmọ̀ ilẹ̀, "Dr." lòun náà. "Pain specialist" kò sì yàtọ̀, ẹni tó bá ti lówó ọ̀dà lè kọ ọ́ sára pátákó.

Dókítà ìrora tòótọ́ ti kọ́kọ́ jẹ́ dókítà ohun mìíràn. Ọdún mẹ́fà ló máa ń lò ní yunifásítì, yóò fi ọdún kan ṣe háúsìmaǹ, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà sábẹ́ àwọn àgbà láti kọ́ ẹ̀ka kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀ka àwọn akunnilóorun, ìyẹn àwọn tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Àwọn kan ti ẹ̀ka eegun wá, àwọn kan ti ẹ̀ka ọpọlọ àti iṣan. Ó dìgbà tó bá yege ìdánwò ìkẹyìn ti National Postgraduate Medical College tó wà ní Ìjanikin l'Ékòó, tàbí ti West African College of Surgeons, tàbí ti West African College of Physicians, kí wọ́n tó lè gbà á sípò kọ̀ńsọ́tàǹtì, ìyẹn àgbà dókítà nínú ẹ̀ka kan. Ìmọ̀ ìrora, orí èyí ló ń kọ́ ọ lé.

Nítorí náà, ẹ má bi ọkùnrin yìí pé "Ṣé dókítà ni yín?" Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ka wo lẹ ti ṣe kọ̀ńsọ́tàǹtì kẹ́ ẹ tó wá mú ti ìrora, ibo lẹ sì ti kọ́ ọ?" Kẹ́ ẹ wá panu mọ́. Akunnilóorun tó yege yóò ní FMCA tàbí FWACS, àmì oyè àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka mìíràn ní tiwọn, FWACP wà lára wọn. Tó bá jẹ́ pé ìtàn irú èèyàn ńlá tó ti wò sàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ bàbá àti ti ara rẹ̀. MDCN (Medical and Dental Council of Nigeria) ni ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà ìṣègùn àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níwájú wọn kò gbọdọ̀ tọ́jú aláìsàn bíi dókítà, ọdọọdún sì ni dókítà ń sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun. Kálukú wọn ló ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, folio ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ fóònù lò nínú ilé yín lọ sí ojú òpó MDCN lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá orúkọ náà níbẹ̀. Tí kò bá rí i, ẹ má tíì figbe olè bọnu. Wọ́n lè ti ṣi lẹ́tà kan kọ, tó bá sì jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ orúkọ ilé ọkọ ló ń jẹ́ báyìí. Ẹ tọ NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, ẹ̀ka Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ. Àwọn dókítà mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ náà yẹ kó ní ìwé àṣẹ láti ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ètò ìlera, ara ògiri ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti rí i.

Ògiri yẹn, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa kẹ́ ẹ kà á. Ìwé "Certificate of Attendance" tí wọ́n fúnni lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìwé ẹ̀rí kọ̀ńsọ́tàǹtì, bó ti wù kí férémù rẹ̀ dán tó. Bákan náà ni ìwé ẹgbẹ́. A ní Society for the Study of Pain nílẹ̀ wa, tó so mọ́ IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973. Ó dára kí dókítà ìrora wà nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe láísẹ́ǹsì.

Ìpolówó rédíò yẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ìlànà MDCN kò fàyè gba kí dókítà máa pariwo ara rẹ̀ kiri bí ẹni ń ta ọṣẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan abẹ́rẹ́. Ṣúgà tó ròkè lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àti ara tó tù wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì bá steroid mu, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀. Oògùn gidi ni, àwọn dókítà ìrora tó dájú ń lò ó fún irú ìrora tó ń gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bi aláìsàn nípa ìyẹn kí wọ́n tó fi kàn án. Ṣé ó bi màmá? Ṣé ó bèèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Tó bá jẹ́ pé inú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gún un sí, ẹ̀rọ X-ray tó ń fi ibi tí abẹ́rẹ́ wà hàn lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò wá ojú ibẹ̀ lórí àga onírọ̀gbọ̀kú ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ ní kó kọ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni, oògùn tí wọ́n ti gún sínú ìyá yín ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lónìí pé abẹ́rẹ́ mẹ́fà gééré ni ìrora ènìyàn yóò gbà. Wọ́n á ṣe ọ̀kan, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ òmíràn. Owó àsanpọ̀ tó ní ẹ̀dínwó, aṣọ ẹbí la fi ń ṣe é.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ: ẹ kọ́kọ́ gbé màmá lọ sí ọsibítù ńlá ìjọba l'Àkúrẹ́ níbẹ̀, tàbí Federal Medical Centre l'Ọ̀wọ̀, kí dókítà eegun wò wọ́n, kó yẹ ẹsẹ̀ wò, kó mọ ibi tí iṣan ti ń há. Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí ni fisiotẹ́rápì àti oògùn tó bá a mu ń rọ̀ láìsí abẹ́rẹ́ rárá. Tó bá gba dókítà ìrora, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà darí yín. UCH, ọsibítù yunifásítì n'Ìbàdàn, ní kíníìkì ìrora, ẹ sì lè bèèrè ní ọsibítù yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ náà. Ẹni tí dókítà mìíràn fi lẹ́tà rán yín sí ti ní ẹlẹ́rìí kan ná.

Àmọ́ tí ẹsẹ̀ màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀, tí abẹ́ wọn bá kú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, tàbí tí ibà bá bá ẹ̀yìn ríro náà rìn, ẹ má dúró de lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ọsibítù lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ òru.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Texas, ọkọ̀ gbá a, ọrùn ń ro ó. Ó ní dókítà ìrora tí wọ́n júwe fún òun kọ "board certified" sára káàdì rẹ̀. Ṣé ó ti tó? — *Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA*

Ìdáhùn: Kò tíì tó, ọmọ mi. "Board certified" ni pé bọ́ọ̀dù kan ti dán dókítà wò, ó sì jẹ́rìí sí i. Kí ó bèèrè pé bọ́ọ̀dù wo. L'Ámẹ́ríkà, àwọn bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ American Board of Medical Specialties ló yẹ kó gbójú lé. Dókítà ìrora sábà máa ń ti ẹ̀ka akunnilóorun, ẹ̀ka ìmúpadàbọ̀sípò ara tàbí ẹ̀ka ọpọlọ àti iṣan wá, yóò fi ọdún kan sí i kọ́ nípa ìrora nìkan, yóò sì ṣe ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú òpó certificationmatters.org ni wọ́n ti ń wo ẹni tó yege, ọ̀fẹ́ sì ni. Láísẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Texas Medical Board ló ń bójú tó o, ojú òpó wọn sì máa ń fi hàn tí wọ́n bá ti jẹ dókítà náà níyà rí. Kó wo méjèèjì.

Ìbéèrè: Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní ìlú Oǹdó. Ìléròrò kan yọ yí ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ká bí ìgbànú lọ́dún tó kọjá. Ó ti jinná, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ṣì ń jó bí iná, aṣọ kò gbọdọ̀ kàn án. Dókítà fún mi ní amitriptyline, ó sì kọ lẹ́tà fún mi sí kíníìkì ìrora n'Ìbàdàn. Ọmọkùnrin kẹ́mísì ní oògùn àwọn tó ní ìdààmú ọkàn ni. Wọ́n tún ní akunnilóorun ni n ó lọ bá n'Ìbàdàn. Ṣé wọ́n rò pé orí mi ti dàrú ni? — *Tíṣà Àgbà, Oǹdó*

Ìdáhùn: Tíṣà, orí yín pé. Kòkòrò chickenpox tó ti fara pamọ́ sínú iṣan yín láti kékeré ló jí padà, ó sì ba iṣan náà jẹ́ kó tó lọ. Awọ ara ti san, iṣan kò tíì san, òun ló ń jó yẹn. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbọ́ ti parasitámọ́ọ̀. Lóòótọ́ ni ọmọ kẹ́mísì yẹn sọ pé oògùn ìdààmú ọkàn ni amitriptyline, ohun tí kò mọ̀ ni pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ wà lára oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ìrora iṣan káàkiri àgbáyé. Ó máa ń múni sùn, alẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ó tún lè mú kí ìtọ̀ ṣòro jáde, torí náà tí prostate bá ti ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Ní ti akunnilóorun, ta ló tún mọ ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ ju ẹni tó jẹ́ pé dídí ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ibi tó tọ́ ni wọ́n rán yín.

Ẹ kó gbogbo ìwé yín dání, páálí oògùn tẹ́ ẹ ti lò tàbí orúkọ wọn, títí kan àgbo, nítorí wọn yóò bèèrè. Ẹ sì pe kíníìkì náà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ ní ìlú Oǹdó, torí irú kíníìkì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣí lójoojúmọ́.