Bàbá Mi Ní Òun Kò Rán Mi Níléèwé Kí N Wá Di Ọkọ́ Mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù mí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni máàkì JAMB mi kò tó. Ní báyìí, iléèwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation, n'Ibàdàn, ti gbà mí fún ND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí dípúlómà. Bàbá mi fàáké kọ́rí. Wọ́n ní àwọn kò fi owó aṣọ òfì rán mi níléèwé kí n tún wá di ọkọ́ mú. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Èsì: Ọmọ mi, má bínú sí bàbá rẹ. Ẹni tó ń jókòó ti òfì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí ọmọ, ìrọ̀rùn ló ń wá fún un. Àmọ́ ohun tí wọ́n rò kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1921 ni iléèwé yẹn ti wà, ibẹ̀ ni èmi náà ti gba ND.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ kan. Ọjọ́ keje tí a kó ẹyin sínú ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba, ọ̀gá wa pa iná yàrá, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kan. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta bíi gbòǹgbò, tóótó dúdú kan sì ń mì láàárín wọn. Ẹyin kejì mọ́ gaara. Wọ́n ní ká yọ ọ́, kò ní pa ọmọ. Lọ́jọ́ 18, a ò yí àwọn ẹyin yòókù tí a ti ń yí látẹ̀yìn mọ́. Lọ́jọ́ 21, igbe òròmọdìẹ gba gbogbo yàrá. Ẹni tó bá mọ èyí dunjú, àwọn tó ń pa òròmọdìẹ tà ń wá a.

Iṣẹ́ wà nílé tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹja àti ti adìẹ, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irúgbìn tà. Èmi fúnra mi, extension, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko, ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo ń gun ọ̀kadà lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko, mò ń fi okùn wọn ilẹ̀ fún wọn: mítà kan sí mítà kan, hẹ́kítà kan á gba ìdí ẹ̀gẹ́ 10,000.

N kò ní tàn ọ́, owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀. Ọdún méjì ni ND, ọdún kan IT, ìyẹn kíkọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, kí HND, dípúlómà tó ga ju ND lọ, tó gba ọdún méjì mìíràn. Lẹ́yìn HND lo máa tó lọ sìnrú ìlú. Bí ND rẹ bá sì dára, o lè gba Direct Entry wọ yunifásítì, láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́.

IT yẹn gan-an ni kí o ṣọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, fáìlì ni wọ́n ní kí n máa gbé fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo sunkún, mo sì kúrò. Ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan adìẹ, kí o po oúnjẹ, kí o gún abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni kí o lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ owó ọkọ̀ lásán ni wọ́n ń san.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ìtọ́jú aláìsàn ló wù ọ́, tún béèrè nípa ìlera ẹran. Iléèwé tó ń kọ́ ọ wà ní Moor Plantation kan náà. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ forúkọ sílẹ̀, bẹ bàbá rẹ kí wọ́n bá ọ lọ, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ilé adìẹ.