Ológbò Yín àti Àdán Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ̀bá igbó Rangataua, nítòsí Ohakune ní New Zealand, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Aládùúgbò wa ní ká má jẹ́ kí ológbò wa máa jáde lóru mọ́ nítorí àdán. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé ológbò lè mú ohun tó ń fò ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ìyá wa. Àdán tí a mọ̀ nílé, orí igi ló ń dorí kodò sí. Mystacina, irú àdán tó wà lọ́dọ̀ yín, máa ń balẹ̀, á ká apá mọ́ra, á wá máa rìn bí eku, á máa tú ewé gbígbẹ wá kòkòrò. Ó tún ń lá omi dídùn inú òdòdó Dactylanthus, tó ń hù lára gbòǹgbò igi, tí kì í ga kúrò nílẹ̀. Kò sì wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 15 lọ.

Lọ́dún 2010, nínú igbó yín yẹn gan-an, ológbò kan ṣoṣo pa wọ́n ju 100 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí igi tí wọ́n ń sùn sí ló ti ń pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n mú un ni òkú tó dẹ́kun.

Ẹ̀gbọ́n àdán yìí tó tóbi jù ú lọ, Mystacina robusta, ó jọ pé ó ti run. Eku inú ọkọ̀ ojú omi ti gba erékùṣù Big South Cape tó ṣẹ́kù sí nígbà tó fi di 1964. 1967 ni wọ́n rí i mọ.

Àwọn kan ní àìsí ọ̀tá ní erékùṣù ló sọ Mystacina di arìnlẹ̀. Èmi kò gbà. Egungun Icarops, ìbátan rẹ̀ tó ti run ní Ọsirélíà, fi hàn pé ìran wọn ti ń rìn nílẹ̀ láti nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, níbi tí ẹranko apẹran wà. Ìbátan mìíràn, Vulcanops, tí wọ́n rí egungun rẹ̀ nítòsí St Bathans ní New Zealand, tí wọ́n sì sọ lórúkọ ní 2018, tó gíráàmù 40. Rírìn kọ́ ni wàhálà. Ológbò, eku àti stoat (ẹranko kékeré kan tó ń pa ẹran jẹ) táwọn èèyàn kó dé ni.

Torí náà, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ti ológbò mọ́lé. Aago ọrùn nìkan kò tó. Ológbò tó bá lúgọ, aago rẹ̀ kì í dún. Bó bá gbé àdán wọlé, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ fi aṣọ gbé e sínú páálí tó ní ihò, kí ẹ sì pe Department of Conservation, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, lóru ọjọ́ náà.