Ṣé ẹni tó ń kọ ìkànnì lè fi Chrome sílẹ̀ kó máa lo Firefox?

Bẹ́ẹ̀ ni, o lè máa fi Firefox ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n má yọ Chrome kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ṣí ìkànnì rẹ ń lò.

Ẹ́ńjìnnì inú aṣàwákiri, ìyẹn apá tó ń sọ kóòdù di ojú ìwé tí a ń rí, ló ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì Blink ni Chrome, Opera àti Brave jọ ń lò, Edge náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2020. Nítorí náà, kíkúrò nínú Chrome bọ́ sí Edge kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí o máa rí padà. Gecko ni ti Firefox, WebKit ni ti Safari, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó fara pamọ́ ti máa ń yọjú. Bí àpẹẹrẹ, bí o bá fi ::-webkit-scrollbar nínú CSS (kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé) pa àwọ̀ scrollbar, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń yí ojú ìwé sókè sódò, dà, Firefox kò ní kà á sí rárá. Scrollbar-color ló mọ̀.

Bọ́tìnnì F12 ló ń ṣí irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ kóòdù ojú ìwé wò nínú Chrome àti Firefox. Ti Firefox wúlò gan-an fún CSS Grid, ọ̀nà tí a fi ń to nǹkan sí ìlà òòró àti ìbú: ó ń fa ìlà, ó sì ń kọ nọ́ńbà wọn sórí ojú ìwé gan-an.

Ṣọ́ra fún fóònù o. Lórí iPhone ní Nàìjíríà, WebKit ni Chrome àti Firefox pàápàá ń lò. Opera Mini tún yàtọ̀: bí ẹni tó ń lò ó bá yàn án pé kó dín dátà kù gan-an, sáfà Opera (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà) ló máa kọ́kọ́ ṣètò ojú ìwé náà, JavaScript rẹ (kóòdù tó ń mú ojú ìwé ṣiṣẹ́) sì lè má ṣiṣẹ́ tán.